Okùn Adébánjọ

Níbi ibojì ni a ti pẹ́.

Kí a tó kúrò nílé ní Dogon Dutse, ní Jos, mo sọ fún Christopher, àbúrò ọkọ mi, pé àdúrà ráńpẹ́ la máa gbà níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í fẹ́ kí a dé omi lẹ́yìn aago mẹ́jọ lásìkò ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ máa ń dìde. Ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé iwájú òkúta funfun tí a kọ orúkọ Adébánjọ sí, ó kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde. Ta ni yóò sọ fún àbúrò pé ẹkún rẹ̀ ti tó? Ọmọbìnrin mi, Ṣèyí, mú ìgbálẹ̀, ó gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí ibojì bàbá rẹ̀, ó sì tún un gbá. Èmi tí mò ń wo aago náà ni mo dá orin sílẹ̀, a sì kọ ọ́ láti ẹsẹ kìíní dé ìgbẹ̀yìn. Nígbà tí a fi dé adágún tó wà lẹ́yìn Bukuru, aago mẹ́wàá ti kọjá.

Àwọn òyìnbó ló gbẹ́ adágún náà láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ń wa kùsà. Wọ́n lọ, omi òjò sì gba ihò tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó fẹ̀ débi pé màlúù tó bá ń mumi ní òdìkejì kò ju ewúrẹ́ lọ lójú ẹni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ a máa fi pọ́ǹpù fa omi rẹ̀ sí oko tòmátì àti kábéèjì. Bí pọ́ǹpù bá yọ̀ sínú omi, ọkọ mi ni wọ́n máa ń pè. Ó ṣiṣẹ́ òmùwẹ̀ nínú òkun fún ọdún mẹ́rìndínlógún ní Warri kó tó padà sí Jos níbi tí wọ́n bí i sí. Sílíńdà afẹ́fẹ́ méjì ló gbé bọ̀ wálé, àti ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ kún wọn, bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé fíríìjì bọ̀ láti àjò.

Lọ́dọọdún, ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, ó máa ń kó wa lọ síbẹ̀. Àwọn ìdílé mìíràn a lọ wo kìnnìún lọ́gbà ẹranko. Omi ni àwa ń lọ. Ní ìsàlẹ̀ adágún náà, níwọ̀n ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, garawa irin ńlá kan wà, irú èyí tí ẹ̀rọ àwọn awakùsà fi ń bu ilẹ̀. Adébánjọ a máa fi ìṣó fa ìlà kan sí ara rẹ̀, ìlà kan fún ọdún kan. Láti ìgbà tí Ṣèyí ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń lọ fà á. Ìlà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, ọkọ mi kú lórí ibùsùn wa, kì í ṣe nínú omi. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ṣèyí ní òun fẹ́ lọ fa ìkejìlá. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ.

Èmi kì í wọ omi. Okùn ni iṣẹ́ mi. Okùn funfun kan ni, ó nípọn bí àtàǹpàkò. Orí kan rẹ̀ wà láyà ẹni tó wà nínú omi, orí kejì wà lọ́wọ́ mi. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ le. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fẹ́ okùn sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni pé, ẹ gbé mi bọ̀. Níbi tó bá ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí òmùwẹ̀ yọrí, Adébánjọ so àkísà pupa mọ́ okùn náà. Bí àkísà pupa bá ti kàn mí lọ́wọ́, mo gbọ́dọ̀ dá fífà dúró.

“Jos kì í ṣe Warri,” ni ó máa ń wí. “Orí òkè la wà. Afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ jáde láìsinmi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó bí mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Ó lè rọ ọ́ lápá, ó lè rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ó lè pa á.”

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìsinmi náà. N kì í wo aago, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lára okùn. Orin alẹ́ tí àwọn Sísítà kọ́ wa nílé-ìwé míṣọ̀n ni mo máa ń kọ. Ẹsẹ mẹ́fà ni. Bí a bá fa orin náà bí wọ́n ṣe ń mú wa fà á nígbà náà, ìṣẹ́jú márùn-ún géérégé ni. Adébánjọ fi aago rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iléeṣẹ́ àwọn ní Warri ì bá gba àwọn Sísítà wọ̀nyẹn síṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó máa ń so okùn náà mọ́ ẹ̀ka igi gúáfà lẹ́yìnkùlé wa lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, á fi orí kejì lé mi lọ́wọ́, á fi ìborùn mi dì mí lójú, á ní kí Ṣèyí lọ máa fà á nígbà tó bá wù ú.

“Theresa, ṣé afẹ́fẹ́ ni àbí ọmọ?”

“Ọmọ ni.”

“Afẹ́fẹ́ ni o!”

Ṣèyí a rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀. “Ìwọ náà ṣáà fẹ́ kí gbogbo nǹkan jẹ́ ọmọ rẹ,” ni ọkọ mi yóò wí, á sì tú ìborùn lójú mi.

Nígbà tí a dé adágún lọ́jọ́ náà, Taofeeq ti ń dúró dè wá. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni. Laranto nínú Jos ló ti ń tún pọ́ǹpù ṣe, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè ìlú rẹ̀, Ìlọrin ni yóò fi dá ọ lóhùn. Òun ló kan pátákó tí a máa ń jókòó lé, pẹpẹ gbọọrọ kan tó so mọ́ dúrọ́ọ̀mù mẹ́fà kó lè léfòó.

“Haba, Ìyá Ṣèyí! Ṣebí aago mẹ́jọ la sọ? Mo ti jẹ kósé tèmi tán, mo ti jẹ tiyín mọ́ ọn.”

“Ẹ má bínú, Bàbá Amirah. Ibi ibojì la ti yà.”

Ó ṣí fìlà rẹ̀. “Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.” Lẹ́yìn náà ó kọjú sí omi. “Ṣùgbọ́n ẹ wò ó.”

Mo ti rí i. Ojú omi ti ń hunjọ. Eruku ọyẹ́ ti bo àwọn àpáta òdìkejì, koríko etí omi sì ti ń tẹ̀ síbì kan náà.

“Ṣé kí a fi í di Sátidé tó ń bọ̀?” ni mo béèrè.

“Mọ́mì, ọjọ́ Ajé ni mò ń padà síbi iṣẹ́,” ni Ṣèyí wí. “Kíákíá ni. Mo máa lọ, mo máa fa ìlà, ó parí, shikenan.”

“Ẹ gbọ́ Yorùbá!” ni Taofeeq wí. “Bí mo bá mú ọ dé Ìlọrin, wọ́n á ní kí n lọ dá ọ padà síbi tí mo ti rà ọ́.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń pe àkàrà ní kósé ńkọ́?”

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló tàn wá jẹ. Christopher ti ń de sílíńdà mọ́ ẹ̀yìn. Ní Warri ló ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Kò wọ adágún wa yìí rí.

“Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀,” ni ó wí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. “Ẹni tó ti wọ òkun, kí ni ti adágún?”

Okùn òmùwẹ̀ kan ṣoṣo la ní. Mo fi í de Ṣèyí láyà, mo so ó bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ mi, mo sì fi ìka fa kókó rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Christopher ní òun yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Taofeeq fi òpó tì wá kúrò létí omi, ó fi àjẹ̀ wà wá títí a fi dé ọ̀gangan ibi tí garawa wà, ó ju òkúta tí a fi ń dá pátákó dúró sílẹ̀. Ṣèyí fi gíláàsì sójú, ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Àwọn méjèèjì wọ omi. Ìfóófòó omi bò wọ́n, ó sì parẹ́.

Okùn ń yọ́ lọ lọ́wọ́ mi. Ó dúró. Ìfà kan. Ara rẹ̀ le. Mo fà á padà lẹ́ẹ̀kan.

Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi jókòó bẹ́ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé ní tòótọ́. Kò dé díẹ̀díẹ̀. Ó ti àárín àwọn àpáta tó wà lẹ́yìn wa yọ bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já, ó gbé eruku, ó gbé ewé kábéèjì, ó sì bọ́ sórí omi. Ìgbì àkọ́kọ́ gba abẹ́ wa kọjá. Ìkejì gbé pátákó sókè, ó sì jù ú sílẹ̀, orúnkún mi lu igi. Mo ti gbé Jos láti kékeré, n kò mọ̀ pé adágún lè ní irú ìgbì bẹ́ẹ̀.

“Kai! Òkúta wa ti ń wọ́!” ni Taofeeq kígbe.

Lóòótọ́ ni. Etí omi ti ń sún lọ lójú wa. Okùn náà sì le lọ́wọ́ mi lójijì, ó nà tán bí okùn aṣọ sísá. Ó yé mi pé bí pátákó ṣe ń lọ, ọmọ mi ló ń wọ́ nílẹ̀ nísàlẹ̀. Mo tú okùn sílẹ̀ fún un bí mo ṣe lè tú u tó. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kó lè mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo dúró dè é. Kò sí èsì tí mo lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbì.

Nígbà náà ni orí kan yọ lójú omi, nǹkan bí ogún ìgbésẹ̀ sí wa. Mo ti fẹ́ pariwo ayọ̀. Christopher ni.

Ó lúwẹ̀ẹ́ wá, Taofeeq sì fà á gun pátákó. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ṣèyí dà?”

“Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi!”

“Ṣé ẹ kò tíì fà á gòkè ni? Okùn já a gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹrẹ̀ bá dìde, n kò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Mo wá a, mo wá a. Mo rò pé ẹ ti fà á ni mo ṣe sáré jáde.” Ó nu ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀. “Ìyàwó wa, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń súnmọ́ ibi pupa nígbà tí mo rí i kẹ́yìn. Ẹ fà á!”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Okùn ń bọ̀, ó wúwo. Ohun kan wà lórí rẹ̀. Òkú wúwo, alààyè wúwo, irin náà wúwo. Okùn kì í sọ èyí tó jẹ́. Mò ń fà á ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, bí a ti kọ́ mi, bí ìgbì bá gbé wa sókè mo jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀, bí ó bá jù wá sílẹ̀ mo gbà á padà, kí pátákó má baà máa já ọmọ náà gbà bí ẹja. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tèmi lára okùn funfun náà, mo sì rò pé àkísà pupa ni. Kì í ṣe òun. Lẹ́yìn náà, òun gan-an dé ọwọ́ mi.

Mo dá fífà dúró.

“Kí ló dé?” Christopher di okùn mú lẹ́yìn mi. “Kí ló dé tí ẹ dúró?”

“Àkísà ni.”

“Ẹ fi àkísà sílẹ̀! Afẹ́fẹ́ ọmọ ń tán!”

“Ìyá Ṣèyí, wallahi, ẹ jẹ́ kí a fà á,” ni Taofeeq wí. Ó ti fi òpó gún àpáta kan tó yọ lójú omi, ó ń fi gbogbo ara tì í kí a má baà lù ú. “Ẹ jẹ́ kí a fà á, kí á rí i.”

Kí á rí i. Ohun tí ọkàn tèmi náà ń fẹ́ nìyẹn, kí n ṣáà rí ojú rẹ̀. Bí ó bá ti dákú, ìṣẹ́jú kan tí mo bá fi dúró lè pa á. Bí ó bá wà láàyè tó sì ń mí, fífà tí mo bá fà á lè pa á. Adébánjọ nìkan ló lè sọ fún mi, mo sì ti sin Adébánjọ.

“Ẹ jọ̀wọ́ okùn,” ni mo sọ fún Christopher.

“Ìyàwó wa!”

“Christopher, jọ̀wọ́ okùn mi.”

N kò pe orúkọ rẹ̀ ní ṣákálá bẹ́ẹ̀ rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé wọn. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo di ojú mi. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan, mo sì tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó ti bó. Ìgbì fà á. Ó fà á gùn, ó fà á rọra, bí ẹni tó ń fa àga lórí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ó tún fà á. Afẹ́fẹ́. Mo gbọ́ Christopher tí ó ń sunkún. Ó tún fà á, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ọmọ mi, mo fẹ́ ẹ débi pé mò ń payín keke, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Afẹ́fẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà, láàárín ìgbì kan àti èkejì, nǹkan kan kan okùn náà pọ́. Ó kúrú. Ó dà bí ẹni tó fi ìka kan ilẹ̀kùn, tó mọ̀ pé ẹni inú ilé kò sùn.

“Ọmọ ni,” ni mo wí.

“Ṣé ó dá yín lójú?” ni Taofeeq béèrè.

“Ọmọ ni.”

Mo sì bẹ̀rẹ̀ orin alẹ́ àwọn Sísítà, lójú ọ̀sán gangan, nínú eruku, pẹ̀lú omi tó ń ru wọ inú ẹnu mi. Mo fa orin náà bí wọ́n ṣe ń mú wa fà á, n kò fò, n kò kánjú. Ẹsẹ kìíní. Ẹsẹ kejì. Apá mi ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbì ṣe ń gbé wa. Ní ẹsẹ kẹta mo tún bi í léèrè, ó sì tún kàn án pọ́. Taofeeq tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí kò gbọ́ orin náà rí láyé rẹ̀, ń fi imú gbè é bí ó ṣe ń ti òpó. Ẹsẹ kẹrin. Christopher ti di apá rẹ̀ òsì mú, ó tẹ̀ síwájú, n kò sì ráyè bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ẹsẹ karùn-ún.

Bí mo ṣe parí rẹ̀ ni ó kàn án pọ́, pọ́, pọ́, pọ́.

Mo fà á. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà gùn ju ọdún tó kọjá lọ. Orí rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ó já ohun ẹnu rẹ̀ jù nù, ó sì fa afẹ́fẹ́ sínú pẹ̀lú ariwo tó dà bí ti ọmọ tuntun. A gbé e gun pátákó. Ó wúkọ́, ó bì, ó wúkọ́.

“Ó ti tán,” ni ó wí nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀. “Mo mí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó kù díẹ̀ kí n parí ìsinmi.”

“Ẹsẹ kan ló kù,” ni mo wí. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ gbé wa dé etí omi ní òdìkejì, níbi tí a kò fẹ́ dé, láàárín oko tòmátì onítòmátì. Ibẹ̀ ni Christopher ti sọ pé èjìká òun ń dun òun, pé ọwọ́ òsì ń rin òun bí ẹni pé ó sùn. Òun nìkan ló jáde láìsinmi. Ṣèyí wo ojú mi, èmi náà wo tirẹ̀. A ti gbọ́ àpèjúwe ìrora yẹn títí lẹ́nu bàbá rẹ̀. Taofeeq sáré yí ọkọ̀ mi wá, a sì gbé Christopher lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fi ìbòmú afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n ní kó má mira. Dókítà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ní kí n tún un sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, dókítà sọ fún wa pé ọwọ́ náà ti ń gbọ́ràn. Ó ní wọn yóò máa ṣọ́ ọ títí di ọ̀la, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ márààrún ti ń ká. Ìgbà náà ni mo tó jẹ́ kí nọ́ọ̀sì di àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ṣèyí jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Irun rẹ̀ ṣì ń rùn ẹrẹ̀.

“Mọ́mì, ìdajì ìlà ni mo fà. Okùn ló já mi gbà.”

“Ìdajì ti tó fún ọdún yìí.”

“Nígbà tí mo dúró sinmi níbẹ̀, tí gbogbo nǹkan ń mì, ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa fà mí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣì í.”

“Ọdún mélòó ni mo fi ṣì í?”

“Gbogbo ọdún.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé orí lé mi léjìká, mo sì gbé ọwọ́ tí wọ́n dì lé e lórí.

Láti orí ibùsùn, lábẹ́ ìbòmú, Christopher pè mí. Mo súnmọ́ ọn kí ó má baà pariwo.

“Ìyàwó wa. Èmi ni mo pẹ́ jù níbi ibojì.”

“Gbogbo wa ni.”

“Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sómi.”

“A ó kọ́kọ́ lọ sómi,” ni mo wí. “Ibojì kò ní kúrò níbi tó wà.”

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ òsì sí mi, ó di ìka mi kan mú, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan.